Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Mi Gun Òkè

Ọjọ́ tí wọ́n ń sin ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, orí wáyà ni àwọn ọmọ mi gbé mi kọ́ sí ní Amẹ́ríkà. Mi ò pa òwe, mi ò sì bù mọ́ ọn. Inú yàrá kékeré onígíláàsì kan ni mo jókòó sí láàárín òfuurufú, òkè lápá ọ̀tún, ọ̀gbun lápá òsì, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì yí mi ká, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀ pé òwúrọ̀ náà gan-an ni wọ́n ń gbé pósí ẹ̀gbọ́n mi lọ sí sàréè. Èmi tí mo ni ẹ̀gbọ́n ni mi ò mọ̀.

Ọdún púpọ̀ ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àlùfáà wa ti bẹ̀ mí, àna mi ti bẹ̀ mí. Bí ẹ bá bi mí ní gbangba, màá ní mo ti dárí jì wọ́n. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá jókòó bí mo ṣe jókòó lónìí yìí, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rojọ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí, kí ẹ̀yin fúnra yín bá mi dá a.

Àrínọlá lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá wa bí, àwa méjì ló kù. Aránṣọ ni, ní Òkè-Àdó, èèyàn kúkúrú kan báyìí tó máa ń há píìnì sẹ́nu nígbà tó bá ń wọn aṣọ fún èèyàn, tí yóò sì tún máa fi ẹnu tí píìnì wà náà bú wọn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Èmi ni mo máa ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Nígbà tí mo ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1971, ó wo àwòrán nínú ìwé ìròyìn kan, ó rán kóòtù òtútù fún mi. Ẹni tí kò rí òtútù rí ló rán kóòtù òtútù! Afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba inú ajẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì dúdú márùn-ún ló wà lára rẹ̀, ìkẹfà, tó wà lórí àpò, jẹ́ pupa, nítorí pé dúdú tán lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ní in.

Lọ́dún 1998 tí mo lọ sílé kẹ́yìn, ó pè mí jókòó. Ó ní, "Wọlé, gbogbo nǹkan lo máa ń rán èèyàn ṣe. O rán èèyàn wá sìnkú bọ̀dá wa. O rán èèyàn wá sí ìgbéyàwó Fúnṣọ́ ọmọ mi. Tèmi, fúnra rẹ ni kó o wá. Ọwọ́ rẹ ni kó kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀ lé mi. Bí o kò bá sì lè wá, fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi pé o kò lè wá. Má rán ẹnikẹ́ni sí mi."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"O ò gbọ́. Sọ ọ́ tẹ̀lé mi."

Ẹni ọgọ́ta ọdún ni mí, mo dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé, mo sọ ọ́ tẹ̀lé e: n kò ní rán ẹnikẹ́ni.

Ó wá di ọdún 2006. Ní oṣù Kẹfà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kékeré kan fún mi lára iṣan ọkàn. Dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n má gbé ẹrù wúwo. Mo wà níbẹ̀, mo fi etí mi gbọ́ ọ. Kò sọ pé kí wọ́n má sọ òótọ́ fún mi.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé sí ilé wa ní Laurel, mo máa ń ha káàdì fóònù, màá pe ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, ó di ọjọ́ Ìsinmi kan, mo pè é títí, kò gbé e. Olúfọlákẹ́ àkọ́bí mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní, "Dádì, Màmá Ìbàdàn lọ sinmi ní Abẹ́òkúta. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n wà." Ọjọ́ kejì, fóònù ilé wa bàjẹ́. Ọjọ́ kẹta, Fọlákẹ́ ní bátìrì fóònù alágbèéká mi ti kú, òun ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Adérónkẹ́ ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn imú káàkiri ilé, ó ní katá ń ṣe òun. Katá nínú ooru oṣù Kẹjọ! Ó yẹ kí n ti mọ̀. Yorùbá ni mí. Mo mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í pe èèyàn lórí fóònù ká ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ti kú o." A máa ń kó ara wa jọ lọ bá a nílé, a ó gbàdúrà, a ó kọrin, a ó wá tú u lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Bí ara onítọ̀hún kò bá sì yá, a máa ń fi pamọ́ fún un títí ara rẹ̀ yóò fi mókun. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní máa ń rò pé òun ni wọ́n ń ṣe é fún?

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọlájídé ọmọ mi ọkùnrin yà wá láti Upper Marlboro níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

"Dádì, a fẹ́ gbé yín jáde lọ́la. Òkè kan wà ní West Virginia, èèyàn lè gun orí rẹ̀ láì fi ẹsẹ̀ rìn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára fún ọkàn."

"Lọ́la? Ọjọ́ Ẹtì? Ṣé wọ́n ti lé ẹ níbi iṣẹ́ ni?"

"Ẹ gbà mí o! Mo gba ààyè ni. Sìstá mi náà gba ààyè."

Mo ní ó dáa. Èyí tó ń dùn mí jù lónìí ni pé inú mi dùn. Mo sọ fún ara mi pé ẹ wo àwọn ọmọ mi, wọ́n pa iṣẹ́ tì nítorí bàbá wọn. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la gbéra. Fọlákẹ́ ti din dòdò àti ẹja sínú abọ́. Ìtùnú, ọmọ Ọlájídé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jókòó tì mí, ó ń fi òyìnbó bi mí bóyá òkè wà ní Nàìjíríà. Mo sọ fún un pé orí òkè ni Ìbàdàn gan-an dúró lé, pé bí mo ti kéré, ẹ̀gbọ́n mi máa ń rán mi gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Àdó lọ kó aṣọ oníbàárà fún wọn. Bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, Fọlákẹ́ sáré na abọ́ dòdò sí mi. Ìyàwó mi fọn imú. Mo ní, "Katá yìí mà pọ̀ o, Ìyá Fọlákẹ́." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Fọlákẹ́."

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ a ti débẹ̀. Òtútù mú lórí ilẹ̀ náà bó tilẹ̀ jẹ́ ìgbà ooru, mo bá gbé kóòtù ẹ̀gbọ́n mi wọ̀. Fọlákẹ́ rí bọ́tìnnì pupa yẹn, ó yí ojú kúrò. Wọ́n kó wa wọ inú ọkọ̀ orí wáyà náà. Ìjókòó méjì ló wà níbẹ̀ tí wọ́n kọjú síra, gíláàsì yí i ká, irin kan ṣoṣo ló so gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́ wáyà tí ń fà á lọ sókè. Ọmọkùnrin òyìnbó kan ti ilẹ̀kùn mọ́ wa láti ìta. Ilẹ̀ bọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Igi di koríko, ọkọ̀ àwọn èèyàn di ohun ìṣeré ọmọdé. Rónkẹ́ di ọwọ́ mi mú, ó di ojú.

"La ojú ẹ," ni mo wí. "Ẹni tó bá ní kí á wá ló jẹ̀bi."

Ibẹ̀ la wà tí àkùkọ fi kọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohùn àkùkọ ni mo yàn sínú fóònù mi, nítorí etí mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èyí tí ń ṣe wìnnì-wìnnì. Kò sí fóònù ẹlòmíràn tí ń kọ bí àkùkọ ní gbogbo Laurel. Inú báàgì Fọlákẹ́ ló sì ti kọ. Ẹ̀yìn la tó mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí láàárín àwọn òkè wọ̀nyẹn, ìdí tí wọ́n fi mú ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ohun tí wọn ò rò ni pé bí èèyàn bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń rí i.

Ìtùnú fi òyìnbó kígbe pé fóònù bàbá bàbá òun nìyẹn. Fọlákẹ́ fi orúnkún méjèèjì há báàgì náà bí ẹni tó jí adìẹ gbé.

"Fọlákẹ́, kí ló ń kọ níbẹ̀?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa wo òkè."

"Dádì, ẹ wo àgbọ̀nrín lọ́hùn-ún!" ni Ọlájídé wí.

"Kò sí àgbọ̀nrín kankan lọ́hùn-ún. Gbé fóònù mi fún mi."

Ó gbé e fún mi. Ṣàmsúdéènì ni, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní District Heights. A jọ dé ilẹ̀ yìí lọ́dún kan náà, yàrá kan náà la jọ sùn kí á tó lówó ilé.

"Wọlé! Níkẹyìn! Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń pè ọ́, Fọlákẹ́ á ní o ń sùn. Oorun kí lò ń sùn? Ará fẹ́ra kù o, ọ̀rẹ́ mi. Ọlọ́run á fi ọ̀run kẹ́ Sìstá Àrínọlá."

Mo tẹ fóònù náà mọ́ etí.

"Wọ́n ti fẹ́ẹ̀ parí ìsìnkú báyìí, àbí? Mo ka ọ̀rọ̀ ìdárò tí o kọ. Fúnṣọ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi lórí ìmeèlì. Òyìnbó yẹn dùn! O ní òpó tó gbé ilé ró ni wọ́n, o ní wọn kì í bínú láyé wọn. Wọlé, èmi mọ Sìstá Àrínọlá o. Wọn kì í bínú?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín. "Wọlé? Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Màá pè ọ́ padà," ni mo wí.

Ìgbà náà gan-an ni afẹ́fẹ́ dé, wọ́n dá wáyà dúró. Ọkọ̀ náà ń fì wá síwá sẹ́yìn láàárín ayé méjì.

"Ọjọ́ wo ló kú?"

Fọlákẹ́ ti ń sunkún. "Ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, Dádì."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa sin ín?"

Fọlákẹ́ wo ìyá rẹ̀.

"Mo ní ìgbà wo!"

"Òní, Dádì. Ìsìn bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá tiwọn."

"Ta ló kọ ọ̀rọ̀ ìdárò?"

Ọlájídé wo bàtà rẹ̀. "Èmi ni, sà. Fúnṣọ́ ní ìwé ètò ìsìn ti fẹ́ wọ ilé ìtẹ̀wé. Bí a bá ní ẹ ò kọ nǹkan kan, ilé á máa bi ìdí. A ò sì fẹ́ kí ọkàn yín..."

"Ọkàn mi! O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi máa ń bínú? O mọ̀ pé bó bá ń bínú ló máa ń dùn jù? O gba ẹnu mi, o lọ fi purọ́ lórí òkú. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Mo dìde. Ọkọ̀ náà fì. Ìtùnú kígbe.

"Bàbá Fọlákẹ́," ni ìyàwó mi wí, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè, "níbo lẹ fẹ́ gbà? Ẹyẹ ni yín?"

Mo jókòó. Mo kọjú sí i. "Ìwọ náà mọ̀, Rónkẹ́. O jẹun pẹ̀lú mi fún ọjọ́ mọ́kànlá."

"Mo mọ̀. Ta ló kọ́ wọn?"

"Kí lo ní?"

"Mo ní ta ló kọ́ wọn. Ọjọ́ mélòó lẹ fi ikú ìyá mi pamọ́ fún mi? Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Lọ́dún 1983. Mo fẹ́ ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì, ẹ fi lẹ́tà tó gbé ìròyìn náà wá sí búùtù ọkọ̀, sábẹ́ táyà àfipààrọ̀. Wọ́n ti sin ìyá mi, wọ́n ti fọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ síbi ìsìnkú, èmi ń kàwé. Ìgbà tí mo yege tán lẹ kó àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wá bá mi. Ẹ wọ aṣọ funfun."

"Tìrẹ yàtọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. N kò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ó yàtọ̀ ni? Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

Mo wo gíláàsì. Mo rántí pé ní gbogbo ọdún mẹ́tàlélógún yẹn, mo máa ń fi ìtàn lẹ́tà náà yangàn lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa, pé ọgbọ́n mi ló sọ ìyàwó mi di nọ́ọ̀sì. Etí àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n kọ́ ọ.

Wáyà tún gbéra. Bí a ṣe dé téńté òkè, mo kọjá lára àwọn tó ń ya fọ́tò, mo pe Fúnṣọ́ ní Ìbàdàn. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wa, aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Mo gbọ́ ariwo èèyàn.

"Bàbá Amẹ́ríkà! Ẹ kú àjò o. Ìyá ti wọlé sùn. Gbogbo nǹkan lọ dáadáa."

"Fúnṣọ́, ẹ dúró. Ẹ má tíì da iyẹ̀pẹ̀. Kí o gbé fóònù yìí sétí kòtò, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti bò ó tán, sà. Ó ti tó ìdajì wákàtí."

"Ta ló kọ́kọ́ da iyẹ̀pẹ̀?"

"Àlùfáà, sà, lẹ́yìn náà aṣojú yín."

"Aṣojú ta ni?"

"Aṣojú yín ni, sà. Bọ̀dá Jídé ní ẹ ní kí á wá ẹnì kan dúró fún yín. Moshood ni, ọmọ onílé wa àtijọ́. Ó da iyẹ̀pẹ̀ náà, ó ní, 'Lórúkọ àbúrò yín Wọlé.' Àwọn èèyàn sunkún, sà."

Moshood! Ẹni tí n kò fojú rí rí láyé mi. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yẹn bẹ̀ mí, ó ní kí n má rán ẹnikẹ́ni sí òun, wọ́n bá mi rán àjèjì sí i, wọ́n tún fi orúkọ mi sí àjèjì náà lẹ́nu. Mo dúró lórí òkè gíga, ojú ọ̀run mọ́ kedere, mo sì bú àwọn ọmọ mi ní Yorùbá títí àwọn òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn jìnnà sí wa. N kò ní kọ ohun tí mo sọ síbí. Díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹnu píìnì ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ sórí òkúta. Mi ò ní kí wọ́n dìde. Ìtùnú ló wá fa apá kóòtù mi, ó ní kí ni wọ́n ṣe. Mo sọ fún un pé wọ́n jí nǹkan mi gbé. Ó ní kí wọ́n dá a padà. Mo ní òun náà ni mò ń sọ.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, èmi àti Rónkẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ìdajì ọ̀nà, níbi tí wáyà ti dá wa dúró lẹ́ẹ̀kan, mo ní, "Rónkẹ́, má bínú. Ti ìyá rẹ yẹn, n kò ṣe é dáadáa."

"Ọdún mẹ́tàlélógún," ló wí. "Ẹ kú ìrántí."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ó tún fóònù ilé wa tó "bàjẹ́" ki bọ ara ògiri níṣojú mi. Ó ti dún kí ó tó kúrò nídìí rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá, mo lọ sí Ìbàdàn, dókítà fẹ́, dókítà kọ̀. Mo wọ kóòtù náà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Fúnṣọ́ mú mi lọ sídìí sàréè ìyá rẹ̀. Mo ti bu iyẹ̀pẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rẹ̀ ní Òkè-Àdó, ẹ̀kúnwọ́ kan, kí n lè dà á lé e bí mo ṣe ṣèlérí. Ìgbà tí a débẹ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bò ó, wọ́n lẹ táìsì funfun mọ́ ọn láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ní òyìnbó pé òpó ilé ni, wọ́n fi orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ibo ni kí n da iyẹ̀pẹ̀ sí? Bí mo bá dà á sórí táìsì, ẹni tí ń gbálẹ̀ ibẹ̀ á gbá a lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Mo fi ẹnu ara mi sọ fún un pé mo ti dé, pé mo pẹ́, pé kì í ṣe èmi ni mo rán Moshood. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bú mi." Mo dúró díẹ̀. Mo wá da iyẹ̀pẹ̀ náà sínú àpò kóòtù, mo dé bọ́tìnnì pupa lé e.

Ó ṣì wà nínú àpò yẹn, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ní Laurel. Àwọn ọmọ mi ń ṣe dáadáa sí mi, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ọ̀kan nínú wọn bá yọ sí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, tó ní, "Dádì, ẹ múra, a fẹ́ gbé yín jáde," n kì í dìde lórí àga. Mo máa ń kọ́kọ́ bi í pé, "Ta ló kú?"